Ìwé Ara Ògiri àti Òfin Odò

 Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn ìwé alàwòrán tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí a ń bá sòbìà jà.

Ẹ̀yin àgbà mọ sòbìà ju bí a ti lè sọ ọ́ lọ. Ẹni tí ó mu ọmọ rẹ̀ mọ́ omi kì í mọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ni aràn náà ń yọ lẹ́sẹ̀, ó sì lè gùn tó mítà kan. Bí oró rẹ̀ bá mú kí aláìsàn ki ẹsẹ̀ bọ odò, aràn náà a tú ọmọ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Kò sí oògùn tí ń wò ó. Nígbà tí a ka àwọn tí ó mú ní Nàìjíríà ní 1988, wọ́n ju 650,000 lọ.

Kí ni ìwé ara ògiri náà wí? Ohun méjì ni: fi aṣọ sẹ́ omi kí o tó mu ún, má fi ẹsẹ̀ tí sòbìà wà bọ odò mímu. Ẹni tí kò mọ̀wé rí àwòrán, ó sì yé e. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ti ṣe olórí ìjọba rí, jáde tìkára rẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sòbìà mú. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa.

Ìwé náà kò mú òfin àjèjì wá. Àwọn baba wa ti ya odò mímu sọ́tọ̀ kúrò lára odò ìwẹ̀. Ọ̀nà tí sòbìà ń gbà wọ ara ni wọn kò mọ̀. Èyí ni àwòrán fi kún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn lọ, ìwé re kúrò lára ògiri, òfin rẹ̀ sì re kúrò lọ́kàn wa. À ń da ọ̀rá àti ìdọ̀tí sódò, bẹ́ẹ̀ ni omi ni ó gbé ìrẹsì tí a fi mọ Igbemo káàkiri ró.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyí nínú àpótí, kí ó mú un wá kí Ẹgbẹ́ pa á mọ́. Kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ya tuntun ní èdè wa, kí a lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀bá kànga àti ọ̀nà odò. Sòbìà tí a kò tètè bójú tó ni í di egbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi. Kí Olódùmarè jẹ́ kí omi wa máa tòrò. Àṣẹ.