Bátìrì Oníyọ̀: Ìrètí Wà, Ẹ Má Kánjú

Ẹ̀yin ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo sólà, tiyín rèé.

Bátìrì sodium ti dé. Inú iyọ̀ la ti ń rí sodium. Ó pọ̀ nílẹ̀ ju lithium lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní bátìrì rẹ̀ yóò dínwó. CATL, ilé-iṣẹ́ bátìrì ní Ṣáínà, fi tiwọn hàn lọ́dún 2021.

Ṣùgbọ́n ó dà bíi kẹ́ẹ̀gì ńlá tí omi rẹ̀ kò pọ̀: ó wúwo, agbára rẹ̀ kéré sí ti lithium. Owó bátìrì lithium náà sì ti wálẹ̀. Natron, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì sodium ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, kógbá wọlé lọ́dún 2025.

Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ bi oníṣẹ́ iná yín bóyá inverter yín bá a mu. Fóltéèjì bátìrì yìí máa ń já wálẹ̀ púpọ̀ bó ṣe ń tán lọ. Inverter mìíràn á kú kí bátìrì tó tán.

Mo tún un sọ: ìrètí wà, ẹ má kánjú.