Bí Epo Kò Bá Lọ Déédéé Nínú Kábúrétọ̀ MGB
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí MGB, ọkọ̀ asáré kékeré tí wọ́n ṣe ní Abingdon láti 1962 di 1980, nítorí àwọn ọmọ wa kan ní Ìlú Ọba níhìn-ín ti ń rà á.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, tí a kò yí padà púpọ̀, kò pọn dandan kí ó ṣe MOT mọ́. Nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bá yín wo páìpù epo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kábúrétọ̀ SU méjèèjì jókòó sókè páìpù tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde. Epo tó bá kán síbẹ̀, iná lè sọ.

Bí ọkọ̀ bá ń jà gìrìgìrì lórí eré, ẹ má sáré tú kábúrétọ̀. Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sitáàtì ọkọ̀. Pọ́ǹpù epo tó wà lẹ́yìn yóò dún kẹ́kẹ́kẹ́, yóò falẹ̀, yóò sì dákẹ́ nígbà tí epo bá kún ìkòkò kábúrétọ̀. Bí kò bá dún rárá, ẹ wo wáyà rẹ̀. Bí ẹ bá gbá a díẹ̀ tó wá dún, ojú ibi tí iná ti ń kanra nínú rẹ̀ ló ti jó. Bí ó bá ń dún láìdákẹ́, yálà epo ti tán ní táńkì, tàbí páìpù ń fa afẹ́fẹ́, tàbí abẹ́rẹ́ tó ń dí epo nínú ìkòkò kò dí mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo bẹ̀rù jù, nítorí epo á máa dà sílẹ̀. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdọ̀tí bíńtín ló sábà máa ń há mọ́ abẹ́rẹ́ náà. Fúlóòtù tí epo ti wọ inú rẹ̀ náà a máa fà á.

Bí ọkọ̀ bá kú lẹ́yìn máìlì díẹ̀, tó tún jí lẹ́yìn ìsinmi, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé fùú, ihò tí táńkì fi ń mí ti dí nìyẹn. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Písítìnì SU náà ńkọ́? Ẹ yọ ọ̀pá kékeré orí rẹ̀, ẹ gbé písítìnì sókè, ẹ fi í sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ bọ́ kí ó dún kọ́. Bí ó bá há, ẹ fọ̀ ọ́. Òróró SAE 20 ni ẹ ó dà padà.

Ọ̀rọ̀ epo fúnra rẹ̀ wá kù. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, E10 ni epo tó wọ́pọ̀ níhìn-ín. Ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ethanol a máa jẹ rọ́bà àtijọ́, a sì máa fa omi. Ìjọba gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọkọ̀ tí a ṣe ṣáájú 2002 má lò ó. E5, èyí tí wọ́n ń pè ní super, ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ wọ́n. Ẹ fún rọ́bà epo lọ́wọ́: bí ó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí a kọ SAE J30 R9 sí lára.

Kí ẹ tó tú páìpù kankan, ẹ yọ orí bátìrì. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí àwọn ọmọdé jìnnà, kí ohun ìpaná sì wà nítòsí. Mo wà níhìn-ín fún ìbéèrè títí wọn yóò fi kó àwo oúnjẹ.