Òfin Sáṣẹ́ àti Ìlera Ọmọ Wa

   

Ọ̀rọ̀ sáṣẹ́ la fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìyẹn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, dúdú àti funfun, tí a fi ń di ọjà fún oníbàárà. Bí wọ́n bá ti dárúkọ òfin sáṣẹ́ lọ́jà, owó ìtanràn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Òótọ́ ni, ìtanràn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera gan-an ni òfin yìí. Ikùn ọmọ wa àti èémí ọmọ wa ló wà nídìí rẹ̀.

Kí ni òfin wí?

Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin tó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ni òfin 2017-39, ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017. Ó ka sáṣẹ́ tí kì í jẹrà léèwọ̀. Kì í ṣe títà nìkan o. Ẹni tó ń ṣe é, ẹni tó ń kó o wọ̀lú, ẹni tó ń tà á, ẹni tó kó o pamọ́ sí ìsọ̀, ẹni tó ń pín in, títí kan ẹni tó ń lò ó, òfin kan gbogbo wọn. Nítorí náà, kí ìyá kankan má sọ pé, "Èmi ò tà á, tòmátì ni mo fi ń dì." Òfin mọ ìyẹn náà.

Òfin ńlá ilẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sì sọ ní ẹsẹ 27 rẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára fún ìlera, àti pé ojúṣe gbogbo wa ni láti dáàbò bò ó. Ó ní ìjọba náà gbọ́dọ̀ máa bójú tó o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Ewu wo ló wà nínú sáṣẹ́?

Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ gbígbóná. A ń bu ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú sáṣẹ́, a ń da àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo sínú rẹ̀. Ooru àti òróró máa ń fa àwọn èròjà tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá jáde, wọn a sì wọ inú oúnjẹ. Sáṣẹ́ dúdú tún burú jù, torí pé ọ̀rá àlòkù oríṣiríṣi ni wọ́n sábà máa ń yọ́ pọ̀ láti fi ṣe é. Wọn ò ṣe é fún oúnjẹ rárá. Ọmọ kékeré tó ń mu ògì inú rẹ̀ ní àràárọ̀, ara rẹ̀ ṣì ń dàgbà, kò lágbára bíi tiwa.

Èkejì ni iná. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi sáṣẹ́ dá iná èédú, torí pé ó tètè ń gbiná. Èéfín rẹ̀ ní májèlé. Ó ń ta ojú, ó ń fa ikọ́, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí ààrò, òun àti ọmọ jọ ń fà á símú ni. Aláboyún náà ń fà á fún èyí tó wà nínú. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, tó ń mí gúlegúle, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ti ń mí, ẹ má ṣe agbo, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni gọ́tà. Sáṣẹ́ kì í jẹrà bí ewé. Òjò á gbá a lọ sínú gọ́tà, omi ò ní rọ́nà lọ mọ́. Omi yẹn á ya wọ ilé, á ya wọ kànga, pẹ̀lú ìdọ̀tí àti ìgbẹ́. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru àti kọ́lẹ́rà ti ń wá. Ẹ̀fọn náà ń yé sínú omi tó bá dúró, títí kan ìwọ̀nba tó wà nínú sáṣẹ́ kan lẹ́yìn ilé. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹyin ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ewúrẹ́ wa tó bá sì gbé sáṣẹ́ mì, ó lè dí i nínú títí á fi kú. Owó ìyá kan ló lọ yẹn.

Báwo la ó ṣe máa tajà?

A mọ̀ pé kò rọrùn. Sáṣẹ́ kò wọ́n, ó ń gba ẹnubodè wọlé, oníbàárà sì ń wá lọ́wọ́ òfo. Bí ìyá kan ṣoṣo bá ní òun ò di sáṣẹ́ mọ́, oníbàárà lè kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á ṣe é pọ̀. Kí gbogbo àwọn oníògì jókòó pẹ̀lú ìyálọ́jà, kí wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ rà, kó gbé abọ́ tàbí kẹ́ẹ̀tì dání. Kí àwọn aláta àti àwọn elẹ́fọ̀ọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n àti àpò aṣọ. Bí ìlà ọjà kan bá ṣọ̀kan, oníbàárà ò ríbi sá sí.

Ewé náà ṣì wà. Ewé eéran àti ewé tíìkì ni a fi ń di ẹ̀kọ àti ẹran tipẹ́, wọn a sì jẹrà padà sínú ilẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má já gbogbo ewé orí igi kan tán, torí igi tí a bó kanlẹ̀ kò ní yọ ewé fún wa lọ́la. Bó bá jẹ́ igbó ìjọba, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó, torí pé òfin 93-009 ti ọdún 1993 ló ń ṣàkóso igbó.

Ní ti iná, ìhá tó kù nígbà tí a bá fọ epo tán, kùkù àgbàdo gbígbẹ tàbí ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ lè dá èédú. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ ọ̀pẹ, kò yẹ kí ìhá wọ́n wa.

Ojúṣe mẹ́rì ńkọ́?

A ní a ó padà sí i. À ń sanwó ọjà, ó sì yẹ kí á rí ibi tí a ó máa da ilẹ̀ sí, kí wọ́n máa kó o, kí wọ́n sì máa kó gọ́tà kí òjò tó dé. Kí ìyálọ́jà kó ẹ̀yin mélòó kan dání lọ bá mẹ́rì, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì béèrè. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ lẹ ń bẹ̀, ẹ̀tọ́ yín lẹ ń béèrè.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà. Láti òní lọ, ẹ jọ̀ọ́: oúnjẹ gbígbóná, kó má wọ sáṣẹ́ mọ́, sáṣẹ́, kó má wọ iná mọ́, ìdọ̀tí, kó má wọ gọ́tà mọ́.

 Ọjà á tà, ọmọ á yè.