Ẹ Jẹ́ Ká Fún Iná Ní Ọ̀nà Tó Máa Gbà Relé
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa, Ìyànà Ìpájà

  

Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ kọ́ la fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja dídì, omi tútù àti mínírà, ẹ mọ̀ pé tójò bá rọ̀, téèyàn bá fi ọwọ́ tútù kan ara fírísà, iná máa ń gbọ̀n ọ́n. Kí la máa ń sọ fúnra wa? "Wọ sílípáàsì." Àmọ́ lọ́jọ́ tí iná gbé ọmọ tó ń bá ọ̀kan nínú wa tajà, tí ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ fírísà títí ẹnì kan fi sáré pa iná, la mọ̀ pé sílípáàsì kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ìsọ̀ yẹn ní ẹ́ẹ̀tì. Rewáyà ti ri irin mọ́lẹ̀, ó so wáyà mọ́ ọn, a sì sanwó. Ewo wá ni? A wá rewáyà mìíràn, òun ló là wá lójú.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Iná tó ń bọ̀ lórí òpó ńlá, fóòtéèjì 11,000 ni. Tiransifọ́mà ló ń bù ú kù sí 415, tí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń rí nǹkan bí 240. Láti tiransifọ́mà, ó ń wọ àpótí onírin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fídà pílà, kó tó gun òpó wá sọ́dọ̀ wa. Iná yìí kì í wá ilẹ̀ o! Ilé rẹ̀ ló ń wá, tiransifọ́mà tó ti jáde sì ni ilé rẹ̀. Bí wáyà bá bó nínú fírísà tàbí fídà pílà, tó kan irin, gbogbo irin náà di iná. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló di ọ̀nà tí iná máa gbà relé.

Iyẹ̀pẹ̀ kì í gbé iná dáadáa. Ká ní ó dí i lọ́nà tó òómù 20, iná 240 ò lè kọjá ju áḿpù 12 lọ. Fíúùsì 60 ò ní já, kò tilẹ̀ ní mọ̀. Iná á wà lára irin, á máa retí ọwọ́ yín.

Ìdí nìyẹn tí ara fídà pílà, ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ara tiransifọ́mà fi gbọ́dọ̀ so pọ̀ pẹ̀lú wáyà kọ́pà tó nípọn, títí dé ibi tí níútírà tiransifọ́mà wà. Bí wáyà bá wá bó, iná á rí ọ̀nà gbòòrò, á ya relé lẹ́ẹ̀kan náà, fíúùsì á já, ó parí. Kọ́pà yìí làwọn olè ń gé tà. Ẹni tó gé e, okùn ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn ló gé.

Ẹ má rò pé ìtàn la ń pa. Ní 2 February 2022, ní ọjà Matadi-Kibala nílùú Kinshasa, ní Kóńgò, òjò rọ̀, omi dúró. Wáyà iná ńlá já sínú omi náà. Èèyàn 26 ló kú, àwọn obìnrin ọlọ́jà bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú wọn. Tiwọn ju ti fírísà lọ, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni: ilẹ̀ tútù ò gbà wọ́n sílẹ̀.

Kí la máa wá ṣe?

Èkíní, yàtọ̀ sí irin ilẹ̀, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bírékà tí wọ́n ń pè ní RCCB, tí wọ́n kọ 30mA sí lára. Áḿpù 12 tí fíúùsì ò rí yẹn, òun á rí i, á pa iná kíá. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì T ara rẹ̀ lóṣooṣù. Tí kò bá já, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí rewáyà so irin fírísà, irin ilẹ̀kùn àti ara kọ́ńténà pọ̀ mọ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun á so níútírà mọ́ ara fírísà nínú ìsọ̀, ẹ má gbà. Bí níútírà bá já lórí òpó, fírísà yín di iná.

Ẹ̀kẹta, ẹ má pàtẹ ọjà ti fídà pílà, ẹ má sá aṣọ sí i. Tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí, tàbí tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti gé kọ́pà rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí rewáyà wa ṣí i. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ iná ni. Ẹ sọ fún wa, ẹgbẹ́ á kọ̀wé sí wọn, a ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NEMSA, àjọ tí òfin ọdún 2015 fún ní iṣẹ́ yíyẹ iná wò.

A mọ̀ pé owó ni. Àmọ́ gbogbo ohun tí a ń tà lọ́jà yìí, kò sẹ́ni tó ń ta ẹ̀mí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tí a ní.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ẹ̀mí ṣòwò o. Ire o.