Kí Ni Wọ́n Kọ́ Àwọn Píráḿídì Íjíbítì Fún?



Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí jẹ́ ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi àwọn olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi: kí ni wọ́n kọ́ àwọn píráḿídì Íjíbítì fún? Ẹlòmíràn lè rò pé èyí kò kan ìgbàgbọ́. Ó kàn án púpọ̀. Àwọn kan nínú wa ti gbọ́ láti kékeré pé àká ọkà Jósẹ́fù ni wọ́n. Bí ọmọ bá dàgbà tí ó sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí rò pé àròsọ ni Jósẹ́fù fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilé náà. Ní Gísà, lẹ́bàá ìlú Káírò, ni èyí tí ó tóbi jù wà. Ọba Khufu ni a kọ́ ọ fún ní nǹkan bí ọdún 2560 ṣáájú ìbí Kristi. Gíga rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ju mítà 146 lọ, ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tó mítà 230. Òkúta tí a fi kọ́ ọ tó nǹkan bí 2,300,000. Àwọn awalẹ̀pìtàn sọ pé ibojì ọba ni. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ń mú èrò tiwọn wá.

Èkíní ni ti àká. Ní ọ̀rúndún kẹfà, Gregory, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tours ní ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé pé àká Jósẹ́fù ni wọ́n. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn oníṣọ̀nà ya wọ́n bẹ́ẹ̀ sí ilé ìjọsìn Máàkù Mímọ́ ní ìlú Venice. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ inú píráḿídì náà yóò rí i pé òkúta ni ó kún un fọ́fọ́; ọ̀nà tóóró díẹ̀ àti yàrá mélòó kan ni ó wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ wo ni yóò kó òkè òkúta jọ nítorí àti rí àyè fún agbọ̀n ọkà mélòó kan? Ẹ tún ka Jẹ́nẹ́sísì orí 41 dáadáa: inú àwọn ìlú ni Jósẹ́fù kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ẹ́kísódù orí 1 sọ fún wa pé Pítómù àti Rámésésì ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kọ́. A kò dárúkọ píráḿídì níbì kankan. Kí Jósẹ́fù tó dé Íjíbítì, ilé Khufu ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Èkejì ni ti àwọn tí ó ní Ọlọ́run fi àṣírí pamọ́ sínú ìwọ̀n rẹ̀. John Taylor, ará Lọ́ńdọ̀nù, gbé èyí jáde ní 1859. Charles Piazzi Smyth, onímọ̀ ìràwọ̀ àgbà ní Skọ́tlándì, tẹ ìwé lé e ní 1864. Wọ́n di Aísáyà orí 19 mú, níbi tí wòlíì ti sọ̀rọ̀ nípa pẹpẹ Olúwa ní Íjíbítì. Smyth ní bí a bá fi ìgbọ̀nwọ́ mímọ́ wọn ìhà ilé náà, yóò bá iye ọjọ́ inú ọdún mu. Ọ̀pọ̀ Kristẹni gbà á gbọ́, William Petrie sì wà lára wọn. Ní ìparí 1880, ọmọ rẹ̀, Flinders Petrie, gbé irinṣẹ́ ìwọnlẹ̀ lọ sí Gísà, ó sì ń gbé inú ibojì àtijọ́ kan tí a gbẹ́ sínú àpáta. Nígbà tí ó wọn ilé náà tán ní 1882, ìhà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 9,069: ó fi ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ kúrú sí èyí tí Smyth ń fẹ́. Petrie tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1883, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ni ó wó lulẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tí ó ní iṣẹ́ náà ju agbára ará Íjíbítì ìgbà náà lọ. Edgar Cayce, ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní 1945, ní ó ti lé ní ọdún 12,000 tí a ti kọ́ ọ. Ní 1968, Erich von Däniken mú àwọn àlejò láti ayé mìíràn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1998, Christopher Dunn ní ẹ̀rọ tí ń pèsè agbára ni. Àwọn ọmọlẹ́yìn Cayce ni ó ran ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mark Lehner, lọ́wọ́ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Íjíbítì. Ní 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú èédú láti inú ohun tí a fi lẹ òkúta pọ̀, wọ́n sì yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ wò. Ó súnmọ́ ìgbà Khufu. Kò súnmọ́ ọdún 12,000 rárá. Lehner gba ohun tí ó rí. Ẹ tún wo píráḿídì tí a kọ́ fún Sneferu, bàbá Khufu, ní Dahshur: nígbà tí iṣẹ́ dé àárín, àwọn ọ̀mọ̀lé dín ìdagun rẹ̀ kù, ibi tí ó ti tẹ̀ sì hàn títí di òní. Ẹni tí ó bá fi ọgbọ́n ojú ọ̀run kọ́lé kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ṣẹ́ lórí ilé.

Ẹnìkan yóò béèrè pé: bí ó bá jẹ́ ibojì, òkú ọba dà? Ìbéèrè rere ni, nítorí a kò rí òkú Khufu. Ṣùgbọ́n àwọn olè ti ń fọ́ ibojì àwọn ọba láti ayé àtijọ́, pósí akọ òkúta sì ṣì wà nínú yàrá náà láìní ìdérí. Ní 1954, a rí ọkọ̀ ojú omi onígi kan, tí ó gùn ju mítà 43 lọ, tí a tú sí wẹ́wẹ́ tí a sì sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Nínú píráḿídì ọba Unas ní Sàkárà, tí a kọ́ lẹ́yìn ti Khufu, ọ̀rọ̀ ètùtù ìsìnkú ọba kún ara ògiri.

Ẹlẹ́rìí tí ó dára jù ni àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ní 2013, Pierre Tallet, ará Faransé, àti àwọn tí wọ́n jọ ń walẹ̀ rí ìwé pápírúsì ní Wadi al-Jarf, létí Òkun Pupa. Nínú rẹ̀ ni Merer, olórí òṣìṣẹ́ tí ó ní nǹkan bí ènìyàn 40 lábẹ́ rẹ̀, ti kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn sílẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta ẹfun láti Tura lọ sí Gísà ní ìgbà Khufu. Láti 1990 ni a sì ti ń rí ibojì àwọn òṣìṣẹ́ nítòsí àwọn píráḿídì. Egungun àwọn kan ti ṣẹ́ rí, a tò ó, ó sì jiná. A rí ibi tí wọ́n ti ń dín búrẹ́dì àti egungun màlúù tí wọ́n jẹ. Àwọn ènìyàn bí tiwa ni wọ́n, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ebi ń pa tí ó sì ń rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun méjì ni mo bẹ̀ yín kí ẹ mú lọ sí ẹ̀ka yín. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ, kí ẹ sì dúró níbi tí ó dúró. Ìgbàgbọ́ tí a gbé ka ínǹṣì òkúta, bí ẹnìkan bá mú okùn ìwọ̀n dé, yóò ṣubú. Èkejì, àwọn àgbà wa ní, yin ni yin ni kí ẹni lè ṣe òmíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gba iyì Merer àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kí a fi fún àwọn àlejò tí ẹnikẹ́ni kò rí. Kò sí ẹlẹ́dàá òtítọ́ méjì: Ọlọ́run tí ó ni Ìwé Mímọ́ náà ni ó ni ilẹ̀ tí a ń wà. Kí ó fún wa ní ọkàn tí kò bẹ̀rù àti wọn nǹkan wò. Àmín.