Ohun Tí A Rí ní Oníkàn, àti Ohun Tí Ó Kù Sí Wa Lọ́wọ́

Ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ tí a kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sí Èkó wá jíṣẹ́ ohun tí a rí ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkàn. A dúpẹ́ fún àyè yìí, a kò sì ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé àkísà àgbà ni ilé tí à ń wí yìí. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i. Kenneth Murray, ẹni tí ó dá a sílẹ̀, jẹ́ olùkọ́ bí àwa náà. Ọdún 1927 ni ó dé Nàìjíríà láti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí ó rí i pé àwọn ohun àtijọ́ wa ń bàjẹ́, tí àwọn mìíràn sì ń gba etíkun lọ sí òkè òkun, kò dákẹ́. Ní 1943 ìjọba fi iṣẹ́ ìtọ́jú wọn lé e lọ́wọ́, ó sì ń bá a lọ títí a fi ní òfin lórí rẹ̀ ní 1953, tí a sì ní ilé ní Èkó.

Níwájú àwọn ère amọ̀ sísun ti Nok, a sọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ. Ní 1943, wọ́n wú orí ère kan jáde níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà nítòsí Jemaa, ní ilẹ̀ Kàdúná. Akọ̀wé kan níbẹ̀ gbé e lọ sí oko iṣu, ó gbé e ró kí ó máa dẹ́rù ba ẹyẹ. Ọdún kan gbáko ni ère náà fi ṣọ́ iṣu kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg ní Jọ́ọ̀sì, ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 2,000 ọdún. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní ìtàn àwọn ará Róòmù, ẹ jẹ́ kí a máa fi kún un pé ọwọ́ àwọn ará Nok ti wà nínú amọ̀ kí a tó bí Jésù. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín nípa oko iṣu náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

Lẹ́yìn èyí, a kọ́ wọn bí àwọn baba wa ní Ifẹ̀ àti Ìbíní ṣe ń rọ idẹ. Wọn a kọ́kọ́ fi amọ̀ ṣe inú ère, wọn a fi ìda oyin bò ó, wọn a sì ya ojú, imú àti ilà sí ara ìda náà. Wọn a tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọn a fi í sínú iná. Ìda yóò yọ́ jáde, wọn yóò da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Bí ó bá tutù, wọn a fọ́ amọ̀ ìta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí èyí tí ó ní ìbejì nínú wọn.

Ní 1938, àwọn tí ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmoníje ní Ifẹ̀ ni wọ́n kan orí idẹ wọ̀nyí. Kò pẹ́ tí díẹ̀ fi kúrò nílẹ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Bascom dá méjì tí ó rà padà ní 1950, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ti Ìbíní burú ju èyí lọ: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ní Oníkàn yìí kan náà, wọ́n ṣe ayẹyẹ ìgbàpadà 119 tí ìlú Netherlands dá padà. Ọdún 128 ni ó gbà kí wọ́n tó padà délé.

A tún wo ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ihò ọta wà lára rẹ̀. Kò sí ọmọ tí ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kí ni gbogbo èyí kàn wá ní Adigbẹ? Ní Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta wa níhìn-ín, ni agbo ilé Adugbologe wà, àwọn agbẹ́gilére tí iṣẹ́ wọn ti dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú òyìnbó. A mọ̀ wọ́n síbẹ̀ nítorí pé ẹnìkan bèèrè orúkọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère Yorùbá ni ó wà káàkiri ayé tí kò ní orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, tí kò sì ní orúkọ ìlú rẹ̀. Ère bẹ́ẹ̀ dà bí ọmọ tí ó sọnù lọ́jà tí kò mọ orúkọ baba rẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ dá a padà, ilé ta ni wọn yóò mú un lọ?

Àwọn kan lè wí pé, “Onígbàgbọ́ ni wá, Mùsùlùmí ni wá, kí ni a fẹ́ fi ère ṣe?” A dáhùn pé ọ̀tọ̀ ni bíbọ, ọ̀tọ̀ ni títọ́jú. Kì í sì í ṣe ère nìkan. Ìkòkò aró tí àwọn ìyá wa fi pa àdìrẹ ńkọ́? Ìlẹ̀kùn ọlọ́nà, ìwé ilẹ̀ àtijọ́, àwòrán àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ àdúgbò wa dó? Bí àgbà bá kú, ọjọ́ keje ni àwọn ọmọ ń palẹ̀ ilé mọ́, tí wọ́n sì ń sun ohun tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ níná. Èyí tí iná kò bá jẹ, oníṣòwò yóò rà á ní owó pọ́ọ́kú.

Nítorí náà a mú àbá mẹ́ta wá. Èkíní, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, kí a kọ ohun àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ sí i: orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó ni ín, àti ohun tí a fi ń ṣe. Kí a ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà tàbí sun ohun ìdílé láìjẹ́ pé ẹbí jókòó lé e lórí. Òfin ọdún 1979 pàápàá kò gbà kí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀kẹta, kí Ẹgbẹ́ máa rán àwọn ọmọ wa lọ sí Oníkàn lọ́dọọdún, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ kọ́ bí a ti ń wo ohun tí ó wà ní yàrá ìyá ìyá wọn.

Àwa olùkọ́ ti ṣe tán láti ṣe akọ̀wé fún agbo ilé tí kò bá ní ẹni tí ó mọ̀wé kọ. Ẹ̀yin àgbà ni ẹ mọ orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹ pè wá nígbà tí ohùn yín ṣì ń dún ketekete. Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí ilé wa má ṣe dahoro.