Eré Àsápajúdé Lójú Pópó: Ta Ló Ń San Gbèsè Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún)

Nígbà tí wọ́n ní kí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ wá sọ̀rọ̀, àwọn kan ti ń ráhùn lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó la tún fẹ́ sọ. Wọn kò purọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ni, ṣùgbọ́n ojú títì la ti fẹ́ gbé e wá. Eré àsápajúdé tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń sá la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìjìyà tí òfin là kalẹ̀ fún un, àti ẹni tó ń jẹ ìyà náà gan-an.

Ojú ọ̀nà ni gbogbo wa fi ń jẹun. Èlùbọ́ tó ń ti Ṣakí bọ̀, iṣu tó ń ti ọ̀nà Kíṣí àti Ìgbòho bọ̀, tòmátì àti ata tó ń ti Òkè Ọya bọ̀, aṣọ tí àwọn kan nínú wa ń lọ kó ní Èkó, mọ́tò ló ń gbé gbogbo rẹ̀ dé Ìbàdàn níbí. Nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ́tò nìkan lèyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin pè ní eré àsápajúdé, torí ọ̀pọ̀ èrò rò pé tí ara bá ti ń tu àwọn nínú mọ́tò, kò tíì pọ̀ jù. Láàárín ìlú, níbi tí ilé àti ọjà wà, kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan ni ayọ́kẹ́lẹ́, takisí àti bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sá mọ. Lójú títì tó lọ láti ìlú kan sí èkejì, 80 ni. Ní márosẹ̀, ayọ́kẹ́lẹ́ lè sá 100, ṣùgbọ́n takisí àti bọ́ọ̀sì akérò kò gbọ́dọ̀ kọjá 90. Tírélà àti táńkà ńkọ́? 45 láàárín ìlú, 50 lójú títì, 60 ní márosẹ̀. Ẹ gbọ́ ti tírélà yẹn dáadáa o: 60! Ìgbà wo lẹ rí tírélà tó ń sá 60 gbẹ̀yìn, àfi èyí tó ń gun òkè?

Kì í ṣe pé wọ́n kàn ṣàdédé gbé iye wọ̀nyẹn kalẹ̀. Mọ́tò tó ń sá 100 ń gba nǹkan bí mítà 28 kọjá kí ẹ tó pe “Yéè!” tán. Ìwé ìlànà ìwakọ̀ tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń sá nǹkan bí 48, láti ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá ti rí ewu títí tí mọ́tò á fi dúró pátápátá, mítà 23 ni yóò gbà. Bó bá ń sá ìlọ́po méjì ìyẹn, nǹkan bí 96, mítà 73 ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀ wọ̀n ọ́n. Ká ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 3. Mọ́tò àkọ́kọ́ á dúró kó tó kọjá ìsọ̀ kẹjọ. Èkejì á ti kọjá ìsọ̀ 24. Ọmọ tó sáré já sójú títì ní iwájú ìsọ̀ kẹwàá ńkọ́? Bẹ́ẹ̀, ayọ́kẹ́lẹ́ tí bírékì rẹ̀ mú dáadáa, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ni ìṣirò yẹn wà fún. Kì í ṣe ti lọ́rì tó ru àpò ẹ̀wà dé òrùlé, tí táyà rẹ̀ sì ti dán bí orí apárí.

Ẹ jẹ́ ká tún wo èrè tó wà níbẹ̀, torí ọlọ́jà ni wá, èrè la máa ń béèrè. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 127. Bí bọ́ọ̀sì bá ń sá 90 tí òfin sọ láì dúró, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 25 ló máa lò. Bó bá ń sá 130, ìṣẹ́jú 59. Ìṣẹ́jú 26 péré ni gbogbo eré tó ń mú wa pe Ọlọ́run lójú ọ̀nà. Bó bá sì dé Berger, go-slow á gba ìṣẹ́jú 26 yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, á tún gba ẹ̀ẹ́wàá lé e. Láti ọdún 2013 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà náà ṣe, ojú ọ̀nà ti ń dára sí i, a sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí kòtò wà níbẹ̀, kòtò ń bá wa dá dẹ́rẹ́bà lẹ́kun.

Ó yá, ìjìyà rẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí àwọn tí à ń pè ní Majamájá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló dá wọn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977, nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpakúpa. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, Ṣóyínká náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìwé ìtanràn àjọ náà, ẹni tó bá sá kọjá iye tí òfin sọ, ₦3,000 ni yóò san, wọn yóò sì kọ àmì 3 sí i lọ́rùn. Bí àmì bá ti ń pọ̀, wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwakọ̀ eléwu ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, ₦50,000 ni, àmì 10. Ẹrù àpọ̀jù, ₦10,000. Bí ìwàkuwà tàbí eré náà bá pa ènìyàn lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní tìtanràn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 7. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni FRSC sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ akérò ní ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kó lè sá kọjá ìwọ̀n. Àwọn dẹ́rẹ́bà kan a gbé ẹ̀rọ náà sára mọ́tò torí ìwé, wọ́n á sì ní kí rewáyà bá wọn já wáyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ nílùú òyìnbó, ẹ bi wọ́n wò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kámẹ́rà ni yóò ya nọ́ńbà mọ́tò, ìwé á bá ọ nílé. Ó kéré tán, £100 àti àmì 3. Ẹni tó bá ní àmì 12 láàárín ọdún 3, kóòtù lè ní kó má wakọ̀ mọ́ fún oṣù mélòó kan. Láti ọdún 2022, ẹni tó fi ìwakọ̀ eléwu pa ènìyàn níbẹ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ti Finland tiẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín: iye tó ń wọlé fún ọ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìtanràn. Ní 2023, olówó kan sá 82 níbi tó yẹ kó ti sá 50 ní erékùṣù Åland, wọ́n ní kó san €121,000. Olówó níbẹ̀ yẹn kò lè fi owó ìtanràn ṣe owó nọ́bì.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? ₦3,000. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata mọ ohun tí ₦3,000 lè rà. Dẹ́rẹ́bà tó bá rí èrò méjì sí i kó lójú ọ̀nà ti rí owó ìtanràn náà san, ṣẹ́ńjì á sì tún kù sí i lọ́wọ́. Ohun tó fà á tí a fi sọ pé kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ló ń san gbèsè eré náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tó ń san án.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀ràn kan dé iwájú ìgbìmọ̀. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦600,000 láti fi ra ata, àwọn méjì sì ṣe onídùúró fún un. Ó ti san ₦150,000 padà kó tó tún rìnrìn àjò. Ní ìdájí ọjọ́ kan, lọ́rì tó gbé òun àti ẹrù rẹ̀ ń sá bọ̀, ó fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀ níbi kọ́nà, ó sì ṣubú. Ẹ̀mí rẹ̀ kò lọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, oṣù mẹ́jọ ni kò fi dé ìsọ̀. Ata tí kò fọ́, àwọn tó sáré dé ibẹ̀ ti kó o lọ kí ọlọ́pàá tó dé. Dẹ́rẹ́bà sá wọ igbó. Ẹni tó ni lọ́rì ní ìnṣọ́ránsì òun ò kan ẹrù, òótọ́ ló sì sọ, torí third party tí ọ̀pọ̀ wọn ń rà, ẹni tí mọ́tò bá kọlù níta ló wà fún. Gbèsè ku ₦450,000. Nígbà tí a yọ owó tó ti fi pamọ́ sínú ẹgbẹ́, ₦150,000, ó ku ₦300,000. Àwọn onídùúró méjèèjì, ọ̀kan ń ta pọ̀nmọ́, ìkejì ń ta àlùbọ́sà, ₦25,000 ₦25,000 ni wọ́n ń san lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà gbáko. Wọn kò wọ mọ́tò náà. Wọn kò mọ ojú dẹ́rẹ́bà náà títí di òní. Àwọn ló san eré rẹ̀.

Ohun tó wá dùn wá jù ni pé láti ìgbà náà, àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ ṣe onídùúró mọ́ fún ẹni tó ń lọ ra ọjà lọ́nà jíjìn. “Màmá, ẹ má bínú, ẹ wá ẹlòmíràn.” A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ọmọ ẹgbẹ́ kò lè dúró fún ara wọn, kí ló kù nínú rẹ̀ ju àpótí owó lásán lọ?

Kí la wá lè ṣe? A kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, a kò lè lọ dúró sójú títì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn eré. Ṣùgbọ́n àwa la ni ẹrù, àwa la sì ń sanwó. Dẹ́rẹ́bà kì í sáré torí ó kórìíra ẹ̀mí ara rẹ̀. Iye ìrìn tó bá rìn ni owó rẹ̀, ó ní iye tí yóò gbé fún ẹni tó ni ọkọ̀ lálẹ́, àwọn agbérò náà ń retí tiwọn. Tí ẹlẹ́rù bá wá sọ fún un pé, “Bóo bá jẹ́ kí n débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, màá fún ẹ ní nǹkan sí i,” eré ló rà yẹn. Ìyẹn ni ìgbìmọ̀ fẹ́ kó dópin láàárín àwọn tó bá fi owó ẹgbẹ́ ra ọjà.

A bá àwọn kan jíròrò kí a tó wá, wọ́n sì bi wá pé, “Bí ata mi bá rà ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé, nínú ohun tí a ti rí, ìdúródè ní páàkì ló ń ba ata jẹ́ jù. Lọ́rì á dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹrù lè kún, ìyẹn ni dẹ́rẹ́bà á wá fẹ́ fi eré òru dí. Bí ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wa bá pawọ́ pọ̀ gba lọ́rì kan, tí a jọ kó ẹrù kún un kíákíá, á gbéra ní ọ̀sán, kò sì sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ fò bí ẹyẹ. Owó ọkọ̀ náà tilẹ̀ á dín kù.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti kọ ojú ìwé kan kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó fún àwọn tó ń ra ọjà lọ́nà jíjìn. Nọ́ńbà mọ́tò àti orúkọ dẹ́rẹ́bà yóò wà níbẹ̀. Ìdajì owó ọkọ̀ la ó san kó tó gbéra, ìdajì tó kù di ìgbà tó bá gúnlẹ̀ láyọ̀, kò sì sí owó ìkíyà kankan fún ẹni tó bá tètè dé. Ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ẹrù. Àwọn onídùúró yóò rí ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, torí owó wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ bá kọ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀, kó mú orúkọ mọ́tò náà wá fún akọ̀wé, kí àwa yòókù lè mọ̀ ọ́n.

Ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e. Fọ́ọ̀mù náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹni tí kò lè kàwé, kó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí dáadáa. Bí mọ́tò tí ẹ wà nínú rẹ̀ bá ń sáré àsápajúdé, ẹ kọ́kọ́ fi ohùn jẹ́jẹ́ bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀, gbogbo èrò pa pọ̀. Bí kò bá gbọ́, tàbí bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà FRSC ni 122, ẹ kì í san owó ìpè. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ìsọ̀ yín, ẹ sì fi sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní gbọ̀ngàn yìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò bá ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fi í síbẹ̀.